Títú P.O.P. Kọ́ Ni Òpin Ọwọ́ Tí Ó Kán

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí ó fi Òkè Ọya ṣe ilé, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ẹ̀ka wa lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn, a kò sì ní fi epo ra á lójú. Ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ẹgbẹ́ ni. Ó ti di àṣà wa pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣubú tí ọwọ́ rẹ̀ kán, a ó dá owó, a ó gbé e lọ sí ọsibítù tàbí sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò bá a to eegun, a ó máa kí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá sì tú P.O.P. kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, akápò yóò pa ìwé dé, olúkúlùkù yóò ní, “A dúpẹ́, ó ti parí.” Àwa ń sọ pé kò tíì parí. Àwa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n tú P.O.P. gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹgbẹ́ tí ó bá káwọ́ kúrò ní ọjọ́ náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ da owó tí ó kọ́kọ́ ná sómi.

Ọjà Santana ní Ìlú Bìní ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àlùbọ́sà àti ẹ̀wà sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín mọ ọjà náà, lójú ọ̀nà Sapele. Ẹ mọ bí ó ti máa ń rí bí ọkọ̀ ẹrù bá dé ní ìdájí: awakọ̀ ń kánjú, oníbàárà ń kánjú, àwọn ọ̀dọ́ á gun orí ẹrù tí ó ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀bù lọ, wọn kò sì di nǹkan kan mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, ẹni ọdún 24, tí ó bá ẹrù lọ láti ìhín, yọ̀ lórí àpò níbẹ̀, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ kí ó má ba à forí gbálẹ̀. Ọrùn ọwọ́ náà kán. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ará ọjà ṣe é lóore: wọ́n fi pákó àti ìborùn di ọwọ́ náà, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ya àwòrán eegun rẹ̀, wọ́n fi P.O.P. sí i. Ẹgbẹ́ yìí náà fi owó ránṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà wọ́n tú u. Ní ọ̀sẹ̀ keje ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó padà sí ìdí ẹrù. Ní oṣù kẹta ọ̀gá kan náà ń sọ káàkiri pé ọmọ náà ti ya ọ̀lẹ, pé ọwọ́ tí ó ti jinná ni ó fi ń ṣe àwáwí. Lónìí ó ti lé ní ọdún kan. Kò tíì lè fún aṣọ tí ó fọ̀ kí omi rẹ̀ gbẹ. Kò lè fi ọwọ́ kan gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Bí ènìyàn bá fẹ́ fún un ní ṣéńjì, ọwọ́ òsì ni ó ń nà, nítorí pé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè yí sókè mọ́. Àwọn àgbà sì ń bínú sí i pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ẹ gbọ́ èyí yékéyéké. Ọmọ Yorùbá tí kò lè na ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ẹ̀yin wá ní ó ti jinná?

Ohun tí a máa ń gbọ́ ní ìpàdé ni pé, “Ọ̀dọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì gbóná, yóò san.” Ìdajì òtítọ́ ni. Eegun ọ̀dọ́ a máa tètè so, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹ́ eegun náà. Ìyá àgbà tí eegun rẹ̀ ti fúyẹ́ lè fi ẹsẹ̀ kọ ẹní lásán, kí ó ṣubú, kí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Eegun ọ̀dọ́ le. Kí ó tó kán, agbára ńlá ni yóò ti kọlù ú: orí lọ́rì ni ó ti já, tàbí orí àkàbà, tàbí orí ọ̀kadà. (Orúkọ ọ̀kadà yìí pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn ará Bìní ni a ti yá a. Olóyè Gabriel Igbinedion ni ó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ní Okada Air. Àwọn aláwàdà ni ó gbé e fún alùpùpù. Ọkọ̀ òfuurufú náà kò fò mọ́. Alùpùpù ni ó kù sí ìgboro.) Agbára bẹ́ẹ̀ kì í dá eegun sí méjì bí ẹni dá igi ìdáná. Ó máa ń fọ́ ọ ni, ìfọ́ náà a sì máa wọ inú oríkèé, níbi tí eegun apá ti pàdé àwọn eegun kéékèèké ọwọ́. Ibẹ̀ ni ibi dídán tí eegun ti ń yọ̀ lórí ara wọn. Bí ibẹ̀ bá so ní gbágungbàgun, bí ìlẹ̀kùn tí ó wọ́ lára férémù ni: yóò ṣí, yóò tì, ṣùgbọ́n yóò máa ha ara rẹ̀ jẹ lójoojúmọ́. Ìyá àgbà kò ní fi tirẹ̀ gbé àpò ẹ̀wà. Ọmọ ọdún 24 ní 40 ọdún iṣẹ́ níwájú tí yóò fi tirẹ̀ ṣe.

Àṣìwí yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1814, Abraham Colles, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland, kọ̀wé nípa irú ọwọ́ tí ó kán báyìí, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi orúkọ rẹ̀ pè é títí di òní. Ó kọ ọ́ pé ọwọ́ náà yóò wọ́ títí ayé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ yóò máa yí bí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀, ìrora yóò sì tán. A kò bá a wí. Ọdún 1895 ni Röntgen ará Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìtànṣán tí a fi ń ya àwòrán eegun. Ìka ọwọ́ àti ojú lásán ni Colles fi ń wá ohun tí ó wà lábẹ́ awọ. Ohun tí ó ń bí wa nínú ni pé ó ti lé ní 200 ọdún tí Colles ti kọ ọ́, ọ̀gá ọkọ̀ ní ìdí ẹrù ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, òun kò sì ní àwáwí tí Colles ní.

Àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò rí nǹkan mìíràn. Ní 1986, Dókítà Knirk àti Dókítà Jupiter ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde nípa 40 ọ̀dọ́ tí ọrùn ọwọ́ wọn kán wọ inú oríkèé. 43 ni ọwọ́ náà, nítorí ọwọ́ méjèèjì ni ó kán fún àwọn kan. Bí ọdún 28 ni ọjọ́ orí wọn ní ìpíndọ́gba. Wọ́n tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fún bí ọdún méje. Nínú ọwọ́ 24 tí oríkèé wọn so ní gbágungbàgun, 91 nínú 100 ni oríkèé wọn ti ń jẹ nínú àwòrán. Nínú ọwọ́ 19 tí oríkèé wọn so ní títẹ́jú, 11 péré nínú 100 ni. Dókítà Jupiter fúnra rẹ̀ padà sórí iṣẹ́ náà ní 2009 pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, ó sì fi ibi tí ọ̀nà ìwọ̀n wọn kò ti lágbára tó han gbogbo ènìyàn. Ìyẹn wú wa lórí. Ṣé ẹ rí ẹni tí ń tú ìṣirò ara rẹ̀ wò? Àwọn kan nínú wa tí ń tọ́jú àpò ẹgbẹ́ ì bá kọ́ ọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa jà yóò mú Nottingham wá, nítorí náà àwa fúnra wa ni yóò kọ́kọ́ mú un wá. Ní 2008, àwọn dókítà ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé jáde nípa àbẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún 106 ènìyàn tí ọrùn ọwọ́ wọn ti kán láàárín 1960 sí 1968, nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì pé 40 ọdún. Ó ti tó bí ọdún 38 tí ọwọ́ náà ti kán nígbà àbẹ̀wò náà. Wọ́n rí i pé nínú 40 tí tiwọn wọ oríkèé, oríkèé 27 ti ń jẹ nínú àwòrán. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà ń fi ọwọ́ wọn ṣe nǹkan bí ẹgbẹ́ wọn ti ń ṣe é, ohun tí ó dín nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìròyìn ayọ̀ ni, a sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán rí gbọ́ ọ: àwòrán burúkú kì í ṣe ìdájọ́ ikú fún ọwọ́. Ọwọ́ lè wọ́ kí ó sì wúlò.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹsẹ̀ Nottingham sá eré Santana. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ṣubú ní ìlú tí ìjọba ti ń tọ́jú aláìsàn láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù láti 1948. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n lọ wá owó àwòrán wá kí dókítà tó wò wọ́n. Tiwa náà lè rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún 38, bí a bá tọ́jú rẹ̀ ní oṣù méjìlá àkọ́kọ́. Oṣù méjìlá yìí ni a ń jà lé lórí.

Kí ni ó wà nínú oṣù méjìlá náà? Nígbà tí wọ́n bá tú P.O.P., apá náà yóò ti rù, awọ rẹ̀ yóò gbẹ, oríkèé yóò ti gan bí igi. Kò sí ẹni tí ó ṣe àìdáa níbẹ̀; ohun tí a bá dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò gan. Ìka ni ó yẹ kí ó ti máa ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní, àní nínú P.O.P. pàápàá: kí ó máa dì í ní ìkúùkù, kí ó máa là á, lọ́pọ̀ ìgbà ní ojúmọ́, kí ó sì máa gbé ọwọ́ sókè kí wíwú lè fà. Lẹ́yìn náà ni yóò kan ọrùn ọwọ́: títẹ̀ ẹ́ síwájú, títẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, yíyí àtẹ́lẹwọ́ sókè àti sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni fífún nǹkan, aṣọ tútù tàbí bọ́ọ̀lù rírọ̀. Ẹrù wíwúwo ni ó kẹ́yìn, dókítà ni yóò sì sọ ọjọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni àtúnṣe pọ̀ jù; ó ń bá a lọ títí di ọdún kan, fún ẹlòmíràn ó kọjá bẹ́ẹ̀. Agbára ìdìmú ni ó máa ń pẹ́ jù kí ó tó padà. Nítorí náà ẹni tí ó bá rí ọ̀dọ́ tí kò lè gbé àpò ní oṣù kẹta tí ó pè é ní ọ̀lẹ, ó ń fi àìmọ̀ rẹ̀ ṣe yànga ni.

Ọ̀kan tún wà tí ó burú ju èyí lọ nítorí pé ó máa ń fara pamọ́. Eegun kékeré kan wà ní ìdí àtàǹpàkò, tí àwọn dókítà ń pè ní scaphoid. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó máa ń kán fún jù, ìṣubú kan náà ni, ọwọ́ nínà sílẹ̀ kan náà. Ọwọ́ náà lè má wọ́ rárá, ó lè má wú púpọ̀; àwòrán ọjọ́ àkọ́kọ́ pàápàá lè má fi í hàn. Wọn á ní ó kàn rọ́ ni, wọn á fi róòbù pa á, ọmọ á padà síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé eegun yìí ṣàjèjì: apá iwájú ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wọlé, tí ó ń ṣẹ́rí padà sẹ́yìn, bí eegun bá ti kán láàárín, apá ẹ̀yìn lè má rí ẹ̀jẹ̀ mọ́, kò sì ní so. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan gbogbo ọrùn ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹ na àtàǹpàkò yín sókè wò: kòtò kékeré kan yóò hàn ní ìdí rẹ̀. Bí ẹni tí ó ṣubú bá pariwo nígbà tí a tẹ ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún un pé ó rọ́ lásán. Kí wọ́n dè é, kí ó sì padà lọ ya àwòrán mìíràn ní bí ọjọ́ 10 sí 14. Owó àwòrán kejì yìí gan-an ni ẹgbẹ́ wa kì í san, nítorí pé “a ti san ti àkọ́kọ́.”

Ó tó àkókò láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn baba wa tí ń to eegun, nítorí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ kọ́kọ́ ń lọ, ní Bìní àti níhìn-ín. A kò jẹ́ bú wọn. Iṣẹ́ ìdílé ni, ó ti gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ là kí ọsibítù tó dé, owó wọn kò wọ́n, wọ́n sì máa ń fi pẹ̀lẹ́ gba ènìyàn. Ẹni tí ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ tí ó ń tò ó pọ̀ mọ́ ti aláìsàn, a kò ní bá a jiyàn lórí adìẹ rẹ̀. Ohun tí a ń bá wọn jà lé lórí ni ọparun tí a fi aṣọ dì le koko. Ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán yóò wú. Bí ìdè kò bá fi àyè sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, ọwọ́ yóò sì kú lára ẹni tí ó wà láàyè. Bí ìka bá wú rẹpẹtẹ, tí ó tutù, tí ó dúdú, tí kò mọ nǹkan lára mọ́, tàbí tí ìrora ń le sí i dípò kí ó máa rọ̀, kí a tú ìdè náà ní wàrà-wéré, kí a sì gbé e lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ ọparun ni, ìbáà jẹ́ P.O.P. Ó ṣeé kọ́ ara ẹni: Dókítà Onuminya, ní Ekpoma ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó kan náà, tẹ ìwé jáde ní 2006 lórí atoeegun kan tí a fún ní ẹ̀kọ́, bí ó ti ṣe sí nínú ìtọ́jú eegun tí ó kán. A kò mọ ìdí tí ẹgbẹ́ wa kò fi lè pe àwọn atoeegun ìgboro wa níhìn-ín jókòó pẹ̀lú dókítà kan, ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn ọ̀gá wá ńkọ́? Òfin wà. Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan lórí gbogbo 100 náírà owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan, kí a lè ti inú rẹ̀ tọ́jú ẹni tí iṣẹ́ bá pa lára. Òfin Ìbánigbófò Ìlera ti 2022 náà sì ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará ìlú. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ orúkọ alábàárù sínú ìwé owó oṣù? Ta ni ó kọ orúkọ ọmọ ọkọ̀, tàbí ti ẹni tí ń ti ọmọlanke, tàbí ti ọmọ-iṣẹ́ tí kò tíì gba òmìnira? Iye àpò tí ó gbé ni a ń san fún un. Ọjọ́ tí kò bá gbé, ebi. Òfin kò rí i. Àwa ni ó rí i, àwa tí a jọ ń sọ èdè kan náà ní ìlú onílùú, tí a sì ní ẹgbẹ́ nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn tí a ń gbọ́ ni pé àpò ẹgbẹ́ kò tó. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́ olóòótọ́: àpò náà tó fún aṣọ ẹgbẹ́, ó tó fún àga àti tàpólì ìnáwó ọdọọdún. Kì í ṣe pé a ní kí ẹ má ṣe ayẹyẹ. A ní kí ẹ má jó lórí ọwọ́ ọmọ yín ni. Iṣẹ́ abẹ olówó ńlá pàápàá kọ́ ni gbogbo ènìyàn nílò. Ní 2022 àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé jáde lórí 500 àgbàlagbà tí wọ́n nílò kí a to ọrùn ọwọ́ wọn, tí wọ́n fi wé ara wọn: lẹ́yìn ọdún kan, ọwọ́ àwọn tí wọ́n fi P.O.P. tò dáadáa ṣiṣẹ́ bákan náà pẹ̀lú ti àwọn tí wọ́n fi wáyà irin dè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ àwọn oní-P.O.P. padà ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí pé eegun yẹ̀. Ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú wọn ju ti àwọn ọmọ wa lọ, kí a má parọ́. Ọ̀dọ́ tí tirẹ̀ fọ́ wọ oríkèé lè nílò irin ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà eegun ni yóò wò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ́pọ̀ jù tí àwọn ọmọ wa kò rí gbà kì í ṣe irin. Àwòrán ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì ni, láti mọ̀ bóyá eegun ti yẹ̀. Owó ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oní-físíò ni. Oúnjẹ ni, ní oṣù tí ọwọ́ kò tíì lè pa owó.

Nítorí náà, ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, a ó gbé ìmọ̀ràn mẹ́rin kalẹ̀ kí ẹgbẹ́ dìbò lé wọn lórí. Pé kí a pín owó ìrànwọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí ó kán sí méjì: ìdajì fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdajì kí ó máa jáde lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn títú P.O.P., bí ẹni náà bá fi káàdì ọsibítù hàn pé òun ń lọ. Pé kí ọ̀gá tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yìí má ṣe lé ọmọ tí ó fara pa nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó fi í sídìí ìwé, sídìí kíka àpò, sídìí wíwọn mudu, títí ọwọ́ yóò fi padà. (Mudu kọ́ ni kóńgò, a mọ̀, ọmọ náà yóò tètè kọ́ ọ.) Pé kí akọ̀wé kọ̀wé sí Ọsibítù Eegun ti Dala ní Kano láti béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rí aláìsàn tuntun àti iye tí wọ́n ń gbà, kí a lẹ ìdáhùn náà mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn wa, nítorí ọ̀pọ̀ ará wa ṣì ń rò pé Igbobi ní Èkó nìkan ni ibi tí a ti ń to eegun. Ìkẹrin ni pé kí ẹ̀ka wa kọ̀wé sí àwọn ará wa tí ó wà ní Ìlú Bìní, kí ẹnì kan wà ní àyíká Santana tí awakọ̀ wa lè pè nígbà tí ọmọ bá ṣubú ní ìdájí.

Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó wá sọ ọ́ ní ojú gbogbo ènìyàn, kí ó má ṣe máa sọ ọ́ ní ẹ̀yìn mọ́tò. A ti pe ọmọ ọdún 24 náà sí ìpàdé. Yóò jókòó ní iwájú, yóò sì na ọwọ́ ọ̀tún fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ bọ̀ ọ́.